Ìmọ̀ràn: géèmù idà àti oògùn tí èèyàn ti lè darí ikọ̀ tirẹ̀, èwo ni kí n mú?

Ọ̀dẹ_Òru
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń wá géèmù kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ti idà, oṣó àti dírágónì, tí ìjà rẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, àmọ́ tí kì í ṣe èmi nìkan ni màá máa jà. Ikọ̀ ni mo fẹ́ kó lẹ́yìn: kí ẹnì kan gbé asà síwájú, kí ẹnì kan máa rọ iná lé ọ̀tá lórí, kí ẹnì kan sì máa wo ọgbẹ́ gbogbo wa. Ohun tó ti sú mi ni géèmù tó fún mi ní ọmọ ẹ̀yìn ṣùgbọ́n tí kò fún mi láyè láti darí wọn. Màá dá iná sílẹ̀, wọ́n á rìn wọ inú ẹ̀. Màá fẹ́ sá pamọ́, wọ́n á dúró gbagidi sójú ọ̀nà.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni mò ń lò, RAM 8 GB, kò ní káàdì gíráfíìkì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kíbọ́ọ̀dù àti máòsì nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Bí géèmù náà ti pẹ́ tó kò kàn mí, kí ìtàn rẹ̀ ṣáà ti dùn.

Àgbà_Ikọ̀
Dragon Age: Origins. Mo ti dáhùn tán nìyẹn, àmọ́ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

BioWare ló ṣe é, ọdún 2009 ló jáde, nítorí náà kò lè ni kọ̀ǹpútà rẹ lára. Ìwọ àti ẹni mẹ́ta lẹ jọ ń rìn, o sì lè bọ́ sínú ara èyíkéyìí nínú wọn nígbàkigbà. Bí ìjà bá gbóná, tẹ space bar, gbogbo nǹkan á dúró. Yí kẹ̀kẹ́ máòsì títí wàá fi máa wo pápá ìjà láti òkè, sọ ohun tí kálukú máa ṣe, kí o tún tẹ̀ ẹ́, ìjà á máa lọ.

Àmọ́ ibi tí géèmù yìí ti mú mi gan-an ni mẹ́nù tí wọ́n ń pè ní Tactics. Kálukú ló ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ níbẹ̀, ìlà kan lábẹ́ ìkejì: bí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, ṣe irú nǹkan báyìí. Láti òkè wá sísàlẹ̀ ni wọ́n ń kà á. Ìlà àkọ́kọ́ tó bá bá ohun tó ń lọ lọ́wọ́ mu ni wọ́n á tẹ̀ lé, wọn ò ní wo ìyókù. Ẹni tó bá tò ó dáadáa lè ja gbogbo ìjà kéékèèké láì fọwọ́ kan àwọn yòókù.

Ìtàn ńkọ́? Ọ̀nà mẹ́fà ló wà láti bẹ̀rẹ̀: ọmọ ìjòyè, oṣó, elf (ẹ̀dá elétí ṣóńṣó) inú ìlú, elf inú igbó, aràrá ọ̀tọ̀kùlú, aràrá mẹ̀kúnnù. Àwọn èèyàn inú géèmù náà kì í gbàgbé èyí tó o mú. Mú aràrá mẹ̀kúnnù kí o wá padà sí ìlú àwọn aràrá lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, wàá rí ohun tí mò ń wí.

Má sì rò pé àwọn àbúrò rẹ̀ jọ ọ́. Dragon Age II ti 2011 ṣì ní Tactics, ṣùgbọ́n o kò lè wo ìjà láti òkè tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tó fi máa di The Veilguard ní 2024, ẹni méjì péré lo ń mú dání, o kò sì lè bọ́ sínú ara wọn.

Tùràyé
Baldur's Gate 3. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Àgbà_Ikọ̀
Tùràyé, ṣé o tiẹ̀ ka ohun tó kọ? Ó ní ìjà tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ta-tìẹ-kí-n-ta-tèmi bí ayò ọlọ́pọ́n ni Baldur's Gate 3. 150 GB ló sì ń gbà lórí dísíìkì! Ẹni tí kò ní káàdì gíráfíìkì lo ń sọ ìyẹn fún.

Tùràyé
Mo kà á, mo kàn fẹ́ràn géèmù náà ni. Ó dáa, kó lọ mú Baldur's Gate àkọ́kọ́, ti 1998, èyí tí wọ́n tún ṣe tí wọ́n pè ní Enhanced Edition. Ẹni mẹ́fà ló wà nínú ikọ̀, ìjà kì í dúró àfi bó o bá fọwọ́ ara rẹ dá a dúró. Kọ̀ǹpútà wo ni kò lè gbé ìyẹn? Kó kàn mọ̀ pé ní ìpele kìíní, ìkookò kan ṣoṣo tó láti pa oṣó rẹ̀.

Ọmọ_Gransys
Ẹ ti gbàgbé Dragon's Dogma: Dark Arisen pátápátá. Capcom ló ṣe é, ọdún 2016 ló dé orí kọ̀ǹpútà. Ikọ̀ ẹni mẹ́rin ni. Ìwọ fúnra rẹ, pawn kan (bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ ẹ̀yìn níbẹ̀) tí o ṣẹ̀dá ojú, ohùn àti iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú méjì tí o yá lọ́wọ́ àwọn tó ń gbá géèmù náà níbòmíràn. Àwọn náà lè yá tìẹ. Ìmọ̀ ni pawn rẹ máa ń mú bọ̀: bó bá ti bá irú ẹranko kan jà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, á máa kígbe fún ọ pé iná ló ń bà á lẹ́rù, tàbí pé orí ni kó o gbájú mọ́.

Ìjà rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Wàá rí òmìrán olójú kan, wàá di irun ara rẹ̀ mú, wàá gùn ún bí ẹní gun igi títí wàá fi dé ojú rẹ̀. Griffin ńkọ́? Jẹ́ kí oṣó rẹ sọ iná sí i nígbà tó bá ń fò: ìyẹ́ rẹ̀ á gbiná, á já lulẹ̀ gbì, gbogbo yín á sáré lé e. Òru ibẹ̀, òru gidi ni o. Bí epo bá tán nínú àtùpà rẹ, o ò ní rí ọwọ́ ara rẹ. Bó o bá wọ odò tó jìn, àtùpà náà á kú.

Agbẹjọ́rò_Gambit
Ọmọ_Gransys, mo fẹ́ràn géèmù yẹn bíi tìẹ, ṣùgbọ́n ẹni yìí ní àwọn ọmọ ẹ̀yìn tí kò gbọ́ràn ló sú òun, o wá ń fún un ní pawn! Àṣẹ mẹ́ta ló wà níbẹ̀: Go, Come, Help. Gbogbo wọn ló sì ń gbọ́ ọ papọ̀. Kí o ní kí oṣó dúró sí ibí kí tafàtafà dúró sí ọ̀hún, kò sí i. Òun gan-an ló sì ń béèrè.

Final Fantasy XII: The Zodiac Age ni kó lọ wò. Géèmù 2006 ni, wọ́n tún un ṣe, ó sì dé orí kọ̀ǹpútà ní 2018. Ẹni mẹ́ta ló ń jà lẹ́ẹ̀kan, nígbà míì àlejò kan á kún wọn. Gambits ni wọ́n ń pe ìwé àṣẹ níbẹ̀, ó sì lè gùn tó ìlà méjìlá fún ẹnì kan. Ohun tí mo fẹ́ràn ni pé ó ń jẹ́ kí èèyàn gbọ́n ju ọ̀tá lọ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó: oògùn tó ń wo alààyè sàn ń pa òkú tó ń rìn lára. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ wọ ibojì tó kún fún òkú, ẹ kọ ọ́ fún oníwòsàn yín pé òkú tó bá rí, kó ju Cure lù ú. Ìlà ti ìwòsàn ẹgbẹ́ yín ṣáà gbọ́dọ̀ wà lókè rẹ̀ o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa ju Cure lu òkú nígbà tí ẹ̀yin ń kú lọ.

Bọ́tìnnì kan tún wà tó ń mú géèmù náà yára. Bí Gambits bá ti dára, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ kàn máa rìn kiri. Àwọn kan ní géèmù náà ń gbá ara rẹ̀ nígbà yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ta ló kọ àṣẹ tó ń tẹ̀ lé?

Ìbaaka2002
Ẹ jẹ́ kí àgbà náà sọ tiẹ̀. Dungeon Siege, 2002. Ẹ lè kó tó ẹni mẹ́jọ lẹ́yìn, ẹ sì lè fi ìbaaka rọ́pò ẹnì kan kó máa ru ẹrù. Ìbaaka náà ń tàpá sí ọ̀tá! Kò sí pé ẹ ń yan iṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀: ẹni tó bá ń lo idà, ọwọ́ rẹ̀ á mọ́ idà, ẹni tó bá ń ta ọfà, ọwọ́ rẹ̀ á mọ́ ọfà. Láti oko tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ títí dé inú ihò ilẹ̀, kò síbi tí géèmù ti ní kí ẹ dúró kó tó ṣí ilẹ̀ míì. Ìtàn rẹ̀ kò tó nǹkan, mi ò ní parọ́.

Màmá_Ìpele99
Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni gbogbo yín ń sọ. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fẹ́ fi jà o. Géèmù irú wọn ni Ys VIII. Ẹni mẹ́ta ló wà lójú pápá, bọ́tìnnì kan lo fi ń yí láti ara ọ̀kan sí òmíràn, o sì gbọ́dọ̀ máa yí i, torí ọ̀tá tó ń fò fẹ́ ohun ìjà tó ń gún, èyí tó léépá fẹ́ kùmọ̀, ẹlẹ́ran rírọ̀ fẹ́ idà. Orin ibẹ̀ nìkan tó èèyàn í fi ra géèmù náà. Ṣùgbọ́n Ọ̀dẹ_Òru, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì nìkan lo ní, o kò ní pádì (ohun ìdarí géèmù tí à ń fọwọ́ méjì dì mú), kíbọ́ọ̀dù á sì tán ọ lọ́wọ́. Tìẹ kọ́ nìyí. Lọ́jọ́ tó o bá ní pádì, padà wá.

Tùràyé
Pillars of Eternity náà wà o, 2015, ẹni mẹ́fà, ó jọ Baldur's Gate àtijọ́. Ìwé kíkà inú rẹ̀ pọ̀.

Ọ̀dẹ_Òru
Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, Màmá náà, ẹ ṣé gan-an. Dragon Age: Origins ni mo mú, mo sì ti ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà báyìí. Tí mo bá parí rẹ̀, FFXII ló kàn. Àgbà_Ikọ̀, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe to Tactics náà kí oṣó mi má baà sun gbogbo wa níná?

Àgbà_Ikọ̀
Ìbéèrè gidi. Kọ́kọ́ mọ̀ pé bí o bá yan kí géèmù náà rọrùn, ìyẹn Easy, iná oṣó rẹ kì í jó ẹgbẹ́ rẹ. Ní Normal, ó ń jó wọn díẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti Hard, bó ṣe ń jó ọ̀tá ló ń jó ẹ̀yin náà.

Morrigan ni oṣó tó máa kọ́kọ́ bá ọ rìn. Má kọ Fireball tàbí oògùn mìíràn tó ń gba ilẹ̀ sínú Tactics rẹ̀ rárá. Àwọn oògùn tó ń lu ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa dá lò. Èyí tó ń gba ilẹ̀, dá ìjà dúró, fọwọ́ ara rẹ yan ibi tó máa bọ́ sí. Lókè mẹ́nù kan náà, wàá rí ibi tí wọ́n ti ń yan ìwà: yan Ranged fún un, kò ní máa sáré lọ bá ọ̀tá.

Alistair ló ń gbé asà. Kọ́ ọ ní Threaten, tàn án sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà Taunt. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí gbogbo ọ̀tá máa bínú sí òun. Bí wọ́n bá kọjá lára rẹ̀ lọ bá Morrigan, nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn.

Oníwòsàn ni Wynne, ilé ìṣọ́ àwọn oṣó lo ti máa rí i. Tirẹ̀ ni mo máa ń tò báyìí: ìlà kìíní, ọ̀rẹ́ tí ẹ̀mí rẹ̀ bá dín sí ìlàjì, lo Heal fún un. Ìlà kejì, bí mana (agbára tí à ń fi pe oògùn) tèmi bá dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin, mu lyrium, omi tó ń dá mana padà. Ó tán. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àyè ìlà kò pọ̀, ó ń pọ̀ bí ìpele ṣe ń gòkè, ọgbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní Combat Tactics sì ń fi kún un. Kí o tún wá bọ́tìnnì tó ń mú gbogbo ikọ̀ dúró síbi tí wọ́n wà. Òun lo máa lò nígbà tó o bá fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo lọ fa ọ̀tá jáde láti inú yàrá.

Ilé ìṣọ́ yẹn kan náà ni apá kan wà níbi tí ìwọ nìkan ti máa rìn nínú àlá, ó sì gùn débi pé àwọn kan ti ṣe mod (àfikún tí àwọn tó ń gbá géèmù fọwọ́ ara wọn ṣe) láti fò ó. Rìn ín lẹ́ẹ̀kan ná, torí agbára tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, máa fò ó.

Agbẹjọ́rò_Gambit
Kí ẹ sọ ti Denerim, ìlú kan nínú Origins, fún un pẹ̀lú. Géèmù 32-bit ni, kò lè lo RAM púpọ̀, bó bá pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, ó lè máa fà nínú ìlú náà tàbí kó kú. Àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní 4GB patch ló ń tán an. Kó dín texture (àwòrán tó bo ojú nǹkan) kù sí Medium, kó sì máa save.

Ọ̀dẹ_Òru
Ó yé mi. Mo rí i níbì kan pé ajá wà tó ń bá èèyàn jà. Ṣé ó tó mú dání ni, àbí ẹ̀fẹ̀ ni?

Àgbà_Ikọ̀
Ó ń gba àyè ẹnì kan nínú ikọ̀. Kì í lo asà, kì í wo ọgbẹ́. Mo máa ń fi í sílẹ̀ nínú àgọ́.

Màmá_Ìpele99
Má dá a lóhùn, àbúrò. Mod kan wà tó ń fún ajá láyè tirẹ̀ lọ́tọ̀ láì yọ ẹnikẹ́ni kúrò. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé àwọn tó bá bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ ìjòyè nìkan ló ń ní ajá náà lọ́wọ́ láti ilé. Bó o bá mú ọ̀nà mìíràn, wàá rí ajá kan tó ń ṣàìsàn ní Ostagar, àgọ́ ogun tó wà níbẹ̀rẹ̀ géèmù náà, ẹni tó ń tọ́jú wọn á ní kó o bá òun wá òdòdó funfun kan tí àárín rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀. Inú igbó Korcari ló wà. Já a, kí o sì gbé e fún ọkùnrin náà kí o tó lọ sí ibi ètùtù tí wọ́n ti máa sọ ọ́ di Grey Warden (ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ jagunjagun inú géèmù náà), torí bí ogun bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ààyè mọ́.