Ta ló ti gbin ewé òkun sínú táńkì ẹja olómi iyọ̀? Ẹ wá sọ tojú yín rí

Àjọkẹ́_Peckham: Ẹ kú ilé o. Nitrate (ìdọ̀tí tó ń ti ara ìgbẹ́ ẹja wá) táńkì mi ò kúrò ní 40, bí mo ṣe ń pààrọ̀ omi tó. Wọ́n ní kí n gbin ewé òkun sínú sump, táńkì kékeré tó wà lábẹ́ ti ẹja. Ta ló ti ṣe é?

BàbáẸja: Ewé òkun tó ń jẹ́ Chaeto. Ọ̀rọ̀ parí.

Délé_Texas: Kò tíì parí o, ẹ̀gbọ́n. Ewé òkun mìíràn, Caulerpa, ni mo kọ́kọ́ gbìn, torí ó rẹwà. Ó ta gbòǹgbò mọ́ òkúta, ó kún gbogbo sump. Àfi bí mo ṣe jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí omi dà bí ògì! Ewé ti funfun báláú. Wọ́n ní ṣe ló bímọ: ó tú gbogbo ohun tó wà nínú ara rẹ̀ sómi, ó sì kú. Ẹja tang mi ń mí hẹlẹhẹlẹ lókè omi.

Sìkírù: Tèmi náà! Ẹni tó tà á fún mi ní tí mi ò bá pa iná rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kò ní bímọ. Ó bí i.

Àjọkẹ́_Peckham: Ewé ń bímọ kẹ̀??

ÌyáÌbejì: Èmi ò gbà. Ó ti pẹ́ tí Caulerpa ti wà lọ́dọ̀ mi, mo ń gé e déédéé, kò ṣe nǹkan kan.

Sìkírù: Ẹ ṣì máa rí i, Ìyá Ìbejì.

Tólú_SanDiego: Níbí ní California, òfin ò tiẹ̀ gbà á. Lọ́dún 2000 ni wọ́n rí Caulerpa taxifolia nínú ọ̀sà Agua Hedionda, ní Carlsbad. Wọ́n fi tapólì bò ó, wọ́n da chlorine sábẹ́ rẹ̀. Ọdún 2006 ni wọ́n tó kéde pé ó ti tán! Ní Monaco, 1984 ni wọ́n ti rí i, ó sì ràn ká etí òkun Mẹditaréníà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi táńkì sí gọ́tà.

Délé_Texas: Texas ni mo wà, ọ̀gá.

Tólú_SanDiego: Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti fòfin de irú ti Mẹditaréníà yẹn láti 1999. Texas ò sá mọ́ ọn lọ́wọ́.

Lẹ́kkì_oníyọ̀: Ẹ̀yin tí iná kì í lọ! Wọ́n ní kí n máa tan iná sump lóru, nígbà tí iná táńkì òkè bá kú, kí pH má bàa já wálẹ̀, kí omi má bàa kan. Iná wo? Èyí tí NEPA mú lọ?

BàbáẸja: Pọ́ńpù ni kó o fi sórí ínfátà. Chaeto lè fara da òkùnkùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹja ò lè wà láìsí afẹ́fẹ́.

Adé: Ewé òkun Ulva ńkọ́? Àwọn ará Japan ń jẹ ẹ́. Ṣé a lè fi se ọbẹ̀?

ÌyáÌbejì: Èyí tó mu ìgbẹ́ ẹja dàgbà? Ìwọ nìkan ni wàá jẹ ẹ́.

Délé_Texas: 😂😂 Tang ò tiẹ̀ ní jẹ́ kó kù fún un.

BàbáẸja: Àjọkẹ́, gbọ́. Chaeto kì í ta gbòǹgbò, ó kàn ń lọ́ mọ́ra rẹ̀ ni, nítorí náà máa yí i, kí iná lè dé abẹ́. Tó bá kún, gé ìdajì dànù. Èyí tó o gé yẹn ló ń gbé nitrate jáde. Tó ò bá gé e, o kàn tọ́jú ìdọ̀tí pamọ́ ni. Tí nitrate bá wá lọ tán pátápátá, ewé á funfun, á máa já. Fún ẹja lóúnjẹ sí i.

Àjọkẹ́_Peckham: Ẹ ṣé, sà. Ibo ni mo ti lè rà á?

Kẹ́mi_Lewisham: Má rà á, àǹtí mi. Mo ń da tèmi nù ni. Ẹ mú ike wá.

Àjọkẹ́_Peckham: Ṣé kò ní kòkòrò nínú ṣá?

Kẹ́mi_Lewisham: Ó kún fún un. Òun ni ẹja mandarin mi ń jẹ sanra.

Àjọkẹ́_Peckham: Háà. Ọkọ mi ni màá rán wá.