Iná wo ló wà nínú ‘àfináṣe’?

Ẹ̀yin ará, wọ́n dá ‘ike àfináṣe’ lábàá fún àwọn pólímà (ohun tí ẹyọ kéékèèké so mọ́ra di ẹ̀wọ̀n gígùn) tó ń gbé iná kọjá, tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe kí àwòrán lè yọ; wọ́n sì pe iṣẹ́ náà ní ‘yíya àwòrán’. Ó dùn létí, àmọ́ n kò fara mọ́ ọn.

‘Iná’ ni ìjà mi. Èyí tó ń jó igi, iná. Èyí tí a tàn sínú yàrá, iná. Èyí tó ń gba inú wáyà kọjá, iná náà ni. Méjì nínú wọn ló pàdé níbí: ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣe pólímà, iná mànàmáná ni pólímà wá ń gbé kọjá. Ẹni tó ka ‘àfináṣe’ lè rò pé wọ́n sè é ni, tàbí pé iná mànàmáná ni wọ́n fi ṣe é, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà yẹn wà lọ́tọ̀ gedegbe. Ẹ jẹ́ ká pín wọn níyà.

‘Ike’ ńkọ́? Pólímà ni òwú, kì í ṣe ike. Pólímà ti tó.

Ẹlòmíràn ní ká pè é ní ‘àsopọ̀ ìmọ́lẹ̀’. Ṣé ìmọ́lẹ̀ la so ni? Ẹ wo páírọ́ọ̀lù, olómi tí kò láwọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe irú pólímà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á pò ó mọ́ èròjà rùténíọ̀mù (irin kan) tó máa ń fa ìmọ́lẹ̀ búlúù mu, àti èròjà kóbáàtì, irin mìíràn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, rùténíọ̀mù á jọ̀wọ́ ẹ̀lẹ́kítíróònù kan (ègé tíntìntín inú átọ́ọ̀mù) fún kóbáàtì, á sì já òmíràn gbà lọ́wọ́ páírọ́ọ̀lù. Àwọn páírọ́ọ̀lù tí wọ́n já tiwọn gbà ló ń so mọ́ra di ẹ̀wọ̀n gígùn, dúdú. Ìmọ́lẹ̀ kò sí nínú ẹ̀wọ̀n náà rárá.

Tèmi ni ‘pólímà agbémànàmáná àfìmọ́lẹ̀so’. Ẹ kíyè sí ohùn ‘à’ yẹn o: ‘afìmọ́lẹ̀so’ lẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún, ‘àfìmọ́lẹ̀so’ lohun tó ṣe. Ó gùn, mo mọ̀.

Àwọn kan ní ‘agbémànàmáná’ tako ara rẹ̀, nítorí pólímà la fi ń bo wáyà kí iná má bàa gbé wa. Ìyẹn ti tán láti 1977, nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Shirakawa, MacDiarmid àti Heeger fi èròjà áyódììnì sọ pólímà kan, pọlíasẹ́tílììnì, di agbémànàmáná. Òun ló gba ẹ̀bùn Nobel kẹ́mísírì fún wọn ní 2000.

Ó ku ‘yíya àwòrán’. Kò sẹ́ni tó ń yà á: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá dé ló ń dúdú, wọn á sì ṣan páírọ́ọ̀lù tí kò so dànù. Àwọn oníṣẹ́ fọ́tò ti ní ‘fọ fọ́tò’ tipẹ́. ‘Fífọ àwòrán’ ni kí ẹ kọ síbẹ̀.