Ẹ bá mi wo ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn mi, ẹ má tàn mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń kọ ìtàn àròsọ kan lórí omíyalé odò Ògùnpa tó ṣẹlẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1980, mo ti kọ orí mẹ́ta báyìí ṣùgbọ́n ojú ìwé àkọ́kọ́ yẹn ò jẹ́ n sùn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé:

"Sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì Àlàbá ló kọ́kọ́ wọlé. Omi gbé e gba abẹ́ ilẹ̀kùn, ó yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó wá dúró síbi ẹsẹ̀ ìyá ẹ̀. Ìyá ò tíì gbóhùn Àlàbá látàárọ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá fi odindi ojú ìwé kan ṣàlàyé odò yẹn, bí wọ́n ṣe ń da pàǹtí sínú ẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́lé sún mọ́ ọn, ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti ń bà mí torí ó jọ pé mo fọwọ́ ara mi bomi paná tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo fi han ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó ní ó dáa gan-an, mo ní kí ló dáa níbẹ̀, ló bá ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ṣí ojú ìwé kejì? Ṣé kí n yọ àlàyé odò yẹn kúrò ni àbí kí n máa fọ́n ọn sínú ìtàn díẹ̀díẹ̀? Mo tún fẹ́ kí ìyá yẹn máa sọ ojúlówó Ìbàdàn, ṣé kò ní sú ẹni tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀? Ẹ má wojú mi o, tí ò bá dùn ẹ sọ ibi tó ti sú yín gan-an.