Fọ́tò inú gbọ̀ngán: shutter speed wo ni kí n lò pẹ̀lú fláàṣì?

Ìbéèrè, láti Iléṣà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi nídìí iṣẹ́ fọ́tò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbéyàwó ni mò ń yà jù níbí, ohun tí shutter speed (iye àkókò tí kámẹ́rà fi ń ṣí sílẹ̀ gba ìmọ́lẹ̀) ń ṣe nígbà tí fláàṣì bá wà lórí kámẹ́rà sì ń rú mi lójú.

Gbọ̀ngán tí a ti ṣe inàwó kẹ́yìn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní 1/200 (ìdá kan nínú igba ìṣẹ́jú àáyá), ojú ìyàwó mọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ṣú dùdù. Gbogbo ọ̀ṣọ́ tí ìdílé náwó lé lórí, a ò rí i. Mo yí i sí 1/60, ojú ìyàwó ò yí padà rárá, ẹ̀yìn ló là. Mo yí i sí 1/15, gbogbo gbọ̀ngán hàn, àmọ́ nígbà tí ijó dé, owó tí wọ́n ń ná fún ìyàwó ń fa ìrù lófuurufú, etí gèlè sì ní òjìji. Nígbà tí mo wá gbé e dé 1/320, ìsàlẹ̀ fọ́tò dúdú láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì.

Fláàṣì mi, mánúàlì ni, ọwọ́ ni mo fi ń yí agbára rẹ̀. Ìyá ìyàwó tó kàn ti sọ fún mi pé òun fẹ́ kí ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngán hàn. Iye wo ni kí n fi sí? Kí ló sì dé tí ojú ìyàwó ò yí padà láàárín 1/200 àti 1/60? Ẹnìkan ní kí n máa gbé shutter sókè bí ojú bá ti ń funfun jù, kò ṣiṣẹ́.

Èsì, láti Modákẹ́kẹ́

Àbúrò, jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti dúdú ìsàlẹ̀ yẹn kúrò nílẹ̀, òun ló rọrùn jù. Ìkélé méjì ló wà níwájú sensor kámẹ́rà rẹ (ojú tó ń gba àwòrán), àwọn ni shutter. Ti àkọ́kọ́ á ṣí, ìkejì á tẹ̀lé e, á sì pa á dé. Tó bá jẹ́ 1/60 tàbí 1/125 lo lò, àkókò kan máa wà tí gbogbo sensor ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àkókò yẹn ni fláàṣì máa ń kọ yẹ̀rì. Ní 1/320, kí àkọ́kọ́ tó ṣí tán, ìkejì ti ń bọ̀. Apá tó bá ti bò nígbà tí fláàṣì kọ, kò rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀. Àwòrán máa ń dorí kodò lórí sensor, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìsàlẹ̀ ni dúdú náà bọ́ sí. Gbé kámẹ́rà dúró lóòró, wàá rí i pé ẹ̀gbẹ́ ló máa wà.

Ibi tí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan lè bá fláàṣì dé láìní dúdú ni wọ́n ń pè ní sync speed. Ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín 1/160 sí 1/250, ìwé kámẹ́rà rẹ máa sọ tìrẹ. Fláàṣì tó bá ń bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀, kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí o kọjá ibẹ̀. Tìrẹ tó jẹ́ mánúàlì, kámẹ́rà ò mọ̀ pé ó wà lórí òun, ló ṣe gbà ọ́ láyè.

Èsì, láti Ilé-Ifẹ̀

Ẹ ṣeun, bọ̀ọ̀dá Modákẹ́kẹ́. Èmi, ojú ìyàwó tí kò yí padà yẹn ló jẹ mí lógún, torí ẹni tó bá lóye ibẹ̀ ti lóye gbogbo rẹ̀.

Fọ́tò méjì ló wà nínú fọ́tò kan tí o bá fi fláàṣì yà. Ọ̀kan jẹ́ ti iná gbọ̀ngán, ìkejì jẹ́ ti fláàṣì. Fláàṣì kì í pẹ́ rárá. Bó o bá tiẹ̀ fi gbogbo agbára rẹ̀ sí i, nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni, bó o bá sì dín agbára rẹ̀ kù, ó máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ì báà jẹ́ 1/200, ì báà jẹ́ 1/60, ìmọ́lẹ̀ fláàṣì ti wọlé tán kí shutter tó pa dé. Bí ojú bá funfun jù, ẹnu lẹ́ńsì, ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè mú ìmọ́lẹ̀ tó), agbára fláàṣì, tàbí bí o ṣe jìnnà sí èèyàn ni kí o yí. Tí fláàṣì bá kọjú sí i tààrà, tí o wá sún sẹ́yìn ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ náà ló máa dé ojú rẹ̀.

Iná gbọ̀ngán ní tirẹ̀ ń wọlé títí shutter á fi pa dé. Láti 1/200 bọ́ sí 1/50, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ lo gbà wọlé. Ohun tó mú ọ̀ṣọ́ yọ jáde nìyẹn.

Kí tọkọtaya tó dé, mo máa ń pa fláàṣì, mo máa ń ya àga wọn pẹ̀lú ọ̀ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. ISO 1600, ẹnu lẹ́ńsì f/4, 1/60 ni mo sábà ń fi bẹ̀rẹ̀. N ó máa yí i títí ẹ̀yìn á fi hàn, ṣùgbọ́n tó ṣì ṣókùnkùn díẹ̀, bíi stop kan tàbí méjì sí bó ṣe yẹ kó mọ́ (stop kan ni kí ìmọ́lẹ̀ dín kù sí ìdajì). Ìgbà yẹn ni mo tó ń tan fláàṣì, tí mo ń wá agbára tó tó ojú èèyàn. Lẹ́yìn ìyẹn, bí mo bá fẹ́ kí gbọ̀ngán mọ́ sí i, shutter nìkan ni mo ń fọwọ́ kàn.

Wo fọ́tò owó tó ń fa ìrù yẹn dáadáa. Wàá rí iye tí wọ́n kọ sára náírà ọ̀hún kedere, torí fláàṣì ti dá a dúró lójú kan. Iná gbọ̀ngán ló ya ìrù náà nígbà tí 1/15 ṣì ń lọ lọ́wọ́. Bí iná gbọ̀ngán bá kéré sí ti fláàṣì, ìrù ò ní fi bẹ́ẹ̀ hàn. Bí o bá sì fẹ́ ẹ (mo fẹ́ràn rẹ̀ nínú ijó gan-an), wá rear curtain sync nínú kámẹ́rà rẹ kí fláàṣì lè kọ ní ìparí. Ìrù á wà lẹ́yìn owó, kò ní ṣáájú rẹ̀.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Iná LED ni gbọ̀ngán yẹn ní, jẹnẹrétọ̀ ló sì ń gbé e. Bí mo bá ya fọ́tò tẹ̀ léra ní 1/200, ẹ̀yìn wọn kì í mọ́ dọ́gba. Àwọn kan tún ní àwọ̀ ọsàn lẹ́yìn, tí ojú èèyàn ò sì ní in.

Èsì, láti Iléṣà (ẹlòmíràn)

Iṣẹ́ iná ni mo kọ́ kí n tó gbé kámẹ́rà. 50Hz ni iná ilẹ̀ wa, ìyẹn ìyípo àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyípo kọ̀ọ̀kan sì ń mú iná mọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà gílóòbù LED tí kò dára ń mọ́, ó ń ṣú ní ìgbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa ni kò rí i. Ní 1/200, ìdajì ìgbà kan péré lo gbà, ó lè bọ́ sí ibi tó mọ́, ó lè bọ́ sí ibi tó ṣú. Ní 1/100, odindi kan wọlé, ní 1/50, odindi méjì. Jẹnẹrétọ̀ kì í dúró sójú 50 gẹ́ẹ́, 1/50 sì máa ń gba ìyẹn mọ́ra ju 1/100 lọ.

Ti àwọ̀: gílóòbù aláwọ̀ ọsàn wà ní nǹkan bí 3000K (K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), fláàṣì wà ní nǹkan bí 5500K. Ra ọ̀rá ọlọ́sàn tí wọ́n ń pè ní CTO, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fláàṣì, kí o wá gbé white balance (ibi tí kámẹ́rà ti ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe) sí 3200K. Ó máa jẹ díẹ̀ nínú agbára fláàṣì o.

Èsì, láti Modákẹ́kẹ́

Mo gba 1/50 fún ìjókòó, àdúrà àti kéèkì. Nínú ijó, n kì í bọ́ sísàlẹ̀ 1/100. Ìyá àgbà tó ń jó níwájú ọmọ rẹ̀ ò ní tún un jó fún mi, mo fẹ́ kí ojú rẹ̀ já gaara. Bí ẹnìkan bá sì dárúkọ high-speed sync fún ọ (ọ̀nà tí àwọn fláàṣì kan fi ń kọjá sync speed), abẹ́ oòrùn ni ìyẹn wúlò jù. Nínú gbọ̀ngán tó ṣókùnkùn, ńṣe ló kàn máa jẹ agbára fláàṣì.

Èsì, láti Ilé-Ifẹ̀

Òótọ́ ni. Tó o bá kúrò ní 1/50 lọ sí 1/100, gbé ISO sí 3200 kí ẹ̀yìn má baà ṣú, kí o sì dín agbára fláàṣì kù sí ìdajì, torí ISO kan òun náà.

Ẹni tó béèrè

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, mà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, wọ́n ní ariwo kámẹ́rà ń dí wọn lọ́wọ́. Mo fi sí silent, fláàṣì ò kọ mọ́.

Èsì, láti Modákẹ́kẹ́

Silent ń lo electronic shutter, tó ń ka sensor ní ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, fláàṣì kì í bá a ṣiṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, fi iná ojú fèrèsé yà wọ́n. Kí o tó wọ gbọ̀ngán, dá a padà sí mechanical (shutter onìkélé méjì yẹn), ìlù á bo ariwo rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀.