Èrò wo ló wọ “àkọsílẹ̀ elérò kan”?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó o.

Bọ̀dá Ọmọ Ìlọrin dá orúkọ kan láná fún àwọn àkọsílẹ̀ kéékèèké tí èèyàn ń kọ pa mọ́ fún ara rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í gbà ju kókó kan lọ. Wọ́n ní “àkọsílẹ̀ elérò kan”. Ẹ forí jì mí, sà, mọ́tò ni mo rí. Ọkọ̀ elérò mẹ́rìnlá, ọkọ̀ elérò méjìdínlógún, àkọsílẹ̀ elérò kan. Níbo ni agbèrò rẹ̀ wà? “Oní” tí a so mọ́ èrò ti di ti àwọn onímọ́tò, a ò lè gbà á lọ́wọ́ wọn mọ́.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé ọmọ yìí wà ní Bielefeld, ní Jámánì, lọ́dọ̀ Niklas Luhmann, onímọ̀ àwùjọ ẹ̀dá tó kú ní 1998. Tákàdá kéékèèké tó kó jọ sínú àpótí tó nǹkan bí 90,000. Bó bá ti kọ 1 àti 2, tí nǹkan mìíràn wá sọ sí i lọ́kàn nípa 1, á kọ ọ́ sórí tákàdá tirẹ̀, á pè é ní 1a, á fi í sí àárín 1 àti 2. Tí 1a bá bímọ, 1a1 nìyẹn. Kí ni àwọn Jámánì wá pè é? Zettelkasten. Zettel, tákàdá pélébé, Kasten, àpótí. Ó parí. Àwa la fẹ́ kí orúkọ ọmọ máa ka gbogbo ìtàn ìdílé. Iṣẹ́ oríkì nìyẹn.

Ará wa ní Kútọnu mú “ègé-èrò” wá. Èyí tún burú. Ohun tí a bá gé ló ń jẹ́ ègé. Odidi ti wà kí ọ̀bẹ tó dé. Àkọsílẹ̀ tí à ń wí yìí, odidi ni, bó ti wù kó kéré tó. Mo fi “ege ero” ránṣẹ́ sí àbúrò mi l'Ábẹ́òkúta láìfi àmì sí i, ó ní ta ló ń ta ẹ̀gẹ́ fún èrò ọkọ̀.

Tèmi ni “ẹyọ-kókó”. Ẹyọ, bí a ti ń pe owó ẹyọ. Ìyá ìyá mi ní ìkòkò rẹ̀ kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí wọ́n fi lọ. Àwọn ló sọ fún mi pé 40 ló ń wà lórí okùn kan, okùn 50 ló ń di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ló ń di ọ̀kẹ́. Tí okùn bá já, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ṣì ṣeé ná.

Ọmọ Ẹ̀gbá

*

Àbúrò, o sá fún mọ́tò, o bọ́ sóko kòkó. Yọ àmì rẹ kúrò kí o wo “eyo koko”.

Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò rántí awẹ́? Awẹ́-gbólóhùn ti wà nínú èdè-ìperí wa tipẹ́, ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì mọ̀ ọ́n. Awẹ́ obì kì í wá ọ̀bẹ, èékánná tó o. Awẹ́ kọ̀ọ̀kan dá yàtọ̀ gedegbe, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi awẹ́ kan dabì. Mẹ́rin là ń dà. Luhmann yẹn náà gbà pé ìsopọ̀ tákàdá mọ́ àwọn ìyókù ló ń fún un níyì. Awẹ́-ìmọ̀ ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì

*

Mo ti kà á. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ní gírámà kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà kí ọmọdé má fi agbèrò bú mi. Èrò ọkọ̀ àti èrò ọkàn, ohùn kan náà ni wọ́n ní, wọ́n sì ti ń gbé pọ̀ láti ayé àwọn bàbá wa. Ta ló gbọ́ “èrò mi ni pé” tó lọ wá ìjókòó?

Ohun tó dùn mí ni pé Ọmọ Ẹ̀gbá yìí kan náà kọ “àkọ̀sílẹ̀” nínú lẹ́tà rẹ̀ tọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àkọ̀sílẹ̀! Ìyàwó là ń kọ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ kọ yàtọ̀ sí kọ̀ ló ń sọ wá lórúkọ. Tíṣà tó kọ́ mi ní Ìwé Mẹ́fà, tí o bá ṣi àmì kan fi, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lo máa tún un kọ.

Ọmọ Ìlọrin

*

Ẹ má bínú, sà. Fóònù ló fi àmì yẹn sí i. Ṣùgbọ́n mọ́tò ṣì ni elérò.

Ìyá Ìbejì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Àmọ́ owó ẹyọ náà ní ihò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rí i sín sókùn. Kì í dá wà bí ẹ ti rò. Gbànja ńkọ́? Awẹ́ méjì péré ló ní, a kì í sì í fi dabì. Èwo nínú obì ni awẹ́-ìmọ̀ yín?

Ọmọ Ẹ̀gbá

*

Àbàtà ni. Mẹ́rin ni mo kọ, padà lọ kà á.

Ìyá Ìbejì