Ìbéèrè: Ṣé kí n ra ọmọ ajá Yorkshire Terrier yìí?

Àdùkẹ́: Ẹ kú àjùmọ̀ṣe o, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa. Mo fẹ́ ra ọmọ ajá Yorkshire Terrier kan, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì balẹ̀. Ẹni tó ń tà á sọ pé ọmọ ọ̀sẹ̀ 8 ni, pé kò ní wúwo ju kílò 1 lọ títí láé, àti pé ọkọ mi, tí irun ajá máa ń mú sín, kò ní sín nítorí tirẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni pé dúdú ni ajá náà, àfi pupa rúsúrúsú díẹ̀ lójú àti lẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ irun tí mo ń rí nínú àwòrán dà bíi fàdákà. A ní ọmọ ọdún 3 nílé pẹ̀lú.

Ìyá Ìbejì: Ti àwọ̀ yẹn kò yẹ kó dẹ́rù bà yín. Dúdú ni wọ́n máa ń bí wọn; díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀yìn wọn ń ṣí di àwọ̀ irin, ó sì lè tó ọdún 2 tàbí 3 kó tó yanjú. Èyí tó bá ti ní àwọ̀ fàdákà ní ọ̀sẹ̀ 8 ni kí ẹ fura sí. Irun yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Kò ní irun múlọ́múlọ́ lábẹ́ bíi ti ọ̀pọ̀ ajá, ó ń gùn lọ bí irun orí ènìyàn, bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ kó gùn, ojoojúmọ́ ni ẹ ó máa yà á, pàápàá lábẹ́ abíyá àti lẹ́yìn etí tó ti máa ń ta kókó. Èmi a máa gé ti tèmi mọ́lẹ̀; àwọn tó ń gbé ajá lọ sí ìdíje ló nílò irun tó ń wọ́lẹ̀.

Baba Ọlọ́dẹ: Ẹ má fojú kékeré wò ó, ìran apeku ni. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn ahunṣọ tó ṣí láti Scotland wá iṣẹ́ lọ sí Yorkshire àti Lancashire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn terrier wọn dání, àtọmọdọ́mọ àwọn ajá yẹn ló sì ń pa eku ní àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ. Huddersfield Ben, tí wọ́n bí ní 1865, ni wọ́n ń kà sí baba ìran náà. Títí di òní, tèmi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ilẹ̀kùn kó má gbó, a sì máa kojú ajá tó lè gbé e mì. Bí ọmọ ọdún 3 bá fa irun rẹ̀, ó lè bù ú jẹ. Bí ọmọ náà bá sì já a sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kán. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dàgbà díẹ̀ ná.

Oníṣègùn Ẹranko: Ọ̀rọ̀ kílò 1 yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Kílò 3.2 ni Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìran ajá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ṣe òpin ìwọ̀n wọn. Èyí tó kéré bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní teacup, kì í ṣe ìran kankan, orúkọ ọjà ni. Bí ọmọ ajá bá kéré tó bẹ́ẹ̀, tí oúnjẹ sì pẹ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a lọ sílẹ̀: ẹ ó rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀ mọ́, tí ó ń gbọ̀n, kó tó dákú. Ní ti ọkọ yín, itọ́ ajá àti èépá ara rẹ̀ ló ń mú ènìyàn sín, irun kàn ń gbé e kiri ni, nítorí náà kò sí ajá tí kò lè ṣe é. Kí ó lọ jókòó ti ajá náà kí ẹ tó sanwó.

Àdùkẹ́: Ẹ ṣeun, mi ò ní rà á. Bí ọmọ bá dàgbà ńkọ́, ṣé mo lè gba àgbà ajá dípò ọmọ?

Oníṣègùn Ẹranko: Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́. Ìwà rẹ̀ ti hàn, a sì lè yẹ eegun orúnkún rẹ̀ wò, nítorí ó máa ń yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, pẹ̀lú eyín ọmọdé tí kì í fẹ́ já. Okùn tó ń gba àyà ni kí ẹ fi máa mú un rìn, má ṣe dè é mọ́ ọrùn, nítorí ọ̀nà èémí wọn a máa rọ̀ wọlé.