Ilé tí a fẹ́ kọ́ láì ṣe àyíká léṣe: ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ wa, mo kí gbogbo yín. Èmi àti ọkọ mi ti ra ilẹ̀, a sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé oníyàrá mẹ́rin kí ọdún yìí tó parí. Ohun tó gbé mi wá síwájú yín ni pé mo fẹ́ kí ìpalára tí ilé náà yóò ṣe fún àyíká kéré bó bá ti lè kéré tó. Títí di oṣù tó kọjá, èrò mi ni pé bí a bá ti gbé sólà sórí òrùlé, a ti ṣe tiwa. Ìgbà tí mo ka ìṣirò ohun èlò, tí mo rí iye àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n kọ sílẹ̀ kí a tó dé orí fèrèsé rárá, ni ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Mo ń ro búlọ́ọ̀kù amọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ mi ń bẹ̀rù pé òjò yóò wẹ̀ ẹ́ lọ, pé ikán yóò sì jẹ èyí tó bá ṣẹ́kù. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí a kọ́kọ́ mójú tó nígbà tí a kò tíì gbẹ́ ìpìlẹ̀?

Ìdáhùn ayàwòrán-ilé kan

Ẹ kú ètò o. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, nítorí orí ìwé ni a ti máa ń pinnu èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kò ṣìnà lórí sìmẹ́ǹtì. Nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ń tú sójú sánmà ló ń wá láti inú ṣíṣe sìmẹ́ǹtì, kì í sì í ṣe èéfín iná nìkan ló fà á. Wọ́n máa ń sun òkúta ẹfun nínú ààrò títí ooru rẹ̀ yóò fi tó nǹkan bí 1,450 ní ìwọ̀n Celsius, òkúta náà fúnra rẹ̀ yóò wá máa tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó wà nínú rẹ̀ jáde bó ti ń yí padà, èyí sì ju ìdajì gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà ń tú síta lọ. Bí wọ́n bá tilẹ̀ rí iná tí kò ní èéfín fi sun ún, ìyẹn yóò ṣì wà níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi rọ̀ yín pé kí ẹ tún yàrá mẹ́rin yẹn wò. Yàrá tí ẹ kò bá kọ́ kò ní gba sìmẹ́ǹtì, kò ní gba irin, ẹ kò sì ní máa wá iná tí ẹ ó fi mú un tutù fún ogójì ọdún. Lẹ́yìn èyí, bó bá jẹ́ ibi tí ooru ti ń mú ni ilẹ̀ yín wà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí èyí tó kúrú gba oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, nítorí oòrùn méjèèjì yìí máa ń wá nísàlẹ̀, ó ń gba abẹ́ etí òrùlé wọlé tààrà. Kọ́bọ̀ kan kò ní kún ìnáwó yín nítorí pé ẹ yí àwòrán padà.

Ìdáhùn bíríkìlà kan

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti fi búlọ́ọ̀kù amọ̀ kọ́ ilé, owó ara mi ni mo sì fi kọ́ ọgbọ́n rẹ̀. Ní àkọ́kọ́, a tẹ búlọ́ọ̀kù tó rẹwà, igun rẹ̀ mú, a wá tò ó sójú oòrùn kí ó lè tètè gbẹ. Lọ́jọ́ kẹrin, mo fi èékánná họ ọ̀kan, ó ń dà bí iyẹ̀fun. Sìmẹ́ǹtì díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ nílò omi kí ó tó lè le, oòrùn sì ti gba omi náà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, abẹ́ ibòji ni mo ń tò ó sí, mo ń fi ọ̀rá bò ó, mo sì ń wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, n kì í sì í fi kọ́ nǹkan kan títí ọjọ́ 28 yóò fi pé.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ yín wò. Ẹ kó ilẹ̀ dúdú orí rẹ̀ kúrò, ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ọgbà, nítorí ewé tó ti jẹrà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí búlọ́ọ̀kù dì dáadáa. Ẹ bu ilẹ̀pa abẹ́ rẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara títí dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ bu omi kún un, ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn ni yóò kọ́kọ́ rọlẹ̀, amọ̀ ni yóò gbẹ̀yìn. Bí yanrìn bá lé ní ìdajì, tí amọ̀ sì tó bí ìdá 15 sí 30 nínú 100, ilẹ̀ náà dára. Sìmẹ́ǹtì ìdá 5 sí 8 tó fún un. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi ju ìdá 10 lọ, ẹ wá ilẹ̀ mìíràn, nítorí èrè tí ẹ ń wá ti ń bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ìdáhùn ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù ọkọ yín, nítorí ó ní ìdí. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ ibi tí omíyalé máa ń dé, ẹ má fi búlọ́ọ̀kù amọ̀ ṣe ògiri ìsàlẹ̀. Kódà níbi tí omi kì í dé, òkúta tàbí kọnkéré ni kí ìpìlẹ̀ jẹ́, kí ògiri sì ga kúrò nílẹ̀ kí omi tó ń ta sókè má bàa máa nà án. Ikán ní tirẹ̀ kò wá amọ̀ rárá, igi ló ń wá, nítorí náà férémù ilẹ̀kùn àti igi òrùlé ni kí ẹ tọ́jú.

Ẹni tó bá ṣiyè méjì, ẹ ní kí ó wo iṣẹ́ ayàwòrán-ilé Francis Kéré ní abúlé Gando lórílẹ̀-èdè Burkina Faso. Amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ sí ni ó fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tó parí lọ́dún 2001. Ó gbé páànù sókè kúrò lórí àjà kí atẹ́gùn lè máa gba àárín wọn kọjá, ó sì na etí òrùlé jáde jìnnà kí òjò má bàa kan ògiri. Lọ́dún 2022, ó gba ẹ̀bùn Pritzker, èyí tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ yíya àwòrán ilé.

Ìdáhùn kúkúrú kan

Ẹ má gbàgbé ọ̀sọ́ọ̀rọ̀. Òjò mìlímítà 10 péré lórí òrùlé tó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 100 lè fún yín ní nǹkan bí líta 1,000 omi. Ẹ kàn jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ tó ń fọ òrùlé ṣàn dànù.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ kò ní ṣìnà o. Èmi àti ọkọ mi jókòó ti àwòrán náà lálẹ́ àná, a yọ yàrá kan kúrò, ayàwòrán wa yóò sì yí ilé náà sí àríwá àti gúúsù. Ọkọ mi gbà pé kí a lo búlọ́ọ̀kù amọ̀ bí ilẹ̀ bá dára, bí ìpìlẹ̀ bá jẹ́ òkúta, tí etí òrùlé sì jáde dáadáa. Láàárọ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀ níbi mẹ́ta, a sì ti to ìgò mẹ́ta sójú fèrèsé. Yanrìn ti rọlẹ̀ nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n omi ìgò kẹta ṣì pupa rúsúrúsú, mo sì ń retí kí ó tòrò.